Ibi Tí Táyà Yóò Ti Kan Ilẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹta, 1975. Fegge, Onitsha.

Ojú ìbalẹ̀ ni apá kan lára ọ̀nà bàálù tí táyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn nígbà tí bàálù bá ń ti òkè bọ̀. Kì í ṣe etí ọ̀nà náà gan-an, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe àárín rẹ̀. Ó jìnnà sí etí díẹ̀, kí ẹni tó bá ṣèèṣì já sílẹ̀ ṣáájú ibi tó ń fojú sùn lè ṣì bá ilẹ̀ tó dára. Kò sì wọnú jù, kí ilẹ̀ tó kù níwájú lè tó fún bíréèkì láti ṣiṣẹ́.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá nítorí Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyìí, máníjà ilé iṣẹ́ tó ń ṣe títì níhìn-ín. Àwọn ló la ọ̀nà bàálù sẹ́yìn Awada, kí wọ́n lè máa fi bàálù kékeré kó irinṣẹ́ àti àwọn íńjíníà wá láti Èkó. Ó bi mí lónìí pé, “Dáhùnsí, ṣebí ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀? Kí awakọ̀ bà síbi tó bá wù ú.” Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ bàálù ní Zaria ní ohun yìí gan-an, àmọ́ nígbà tó bi mí ní èdè ìyá mi, mo ń kólòlò. Ìyẹn kò dára. Ohun tí mo bá mọ̀ lóòótọ́, ó yẹ kí n lè sọ ọ́ nílé.

Iṣẹ́ méjì ni ọ́fíìsì ìjọba wa tó ń bójú tó bàálù l'Ékòó rán mi. Èkíní, kí n sàmì sí ọ̀nà náà. Èkejì, kí n yẹ awakọ̀ wọn wò, kí n sì buwọ́ lu ìwé àṣẹ rẹ̀, tàbí kí n kọ̀, kí oṣù Karùn-ún tó parí. Obiekwe ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà tí ogun Biafra ti parí, kò tíì rí ẹni gbà á síṣẹ́ bàálù. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń bá a ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Bí mo bá kọ̀, òyìnbó kan ti wà l'Ékòó tó ń dúró de iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà náà jẹ́ ẹgbẹ̀ẹ́dógún ẹsẹ̀ bàtà, yangí lásán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gọ́tà jíjìn kan wà àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn ará Obosi, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ń gbà lọ sóko. Ní ìparí rẹ̀, kòtò ńlá tí wọ́n ti wa yangí ló lanu sílẹ̀. Ẹni tó bá tètè bà, gọ́tà. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó bà, kòtò.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Bùnmi ni mo wọ̀ sí. Kí ogun tó dé ló ti ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn awakọ̀ lọ́rì ní Fegge. Ó sá lọ, ó padà wá bá ìsọ̀ rẹ̀ láìní òrùlé, ó sì kan òmíràn. Ígbò yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta.

Mo pàdé Obiekwe. Mo ti to Gẹ̀ẹ́sì sẹ́nu dè é. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣé Ìyá Bùnmi ti fún yín lóńjẹ, àbí àwọn onílọ́rì ti jẹ ẹ́ tán?” Ohùn ará Ìbàdàn pọ́ńbélé! Mo ya ẹnu sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. “Mọ́kọ́lá ni wọ́n bí mi sí. Réluwéè ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́.”

A gbéra lẹ́ẹ̀mẹ́rin, a balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọwọ́ rẹ̀ tutù lórí irin ìtukọ̀, ojú rẹ̀ dá, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ẹ́ńjìnì bí ìyá ṣe ń gbọ́ ẹkún ọmọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí ọ̀nà gan-an ló fi táyà lé, tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí koríko gọ́tà tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ wa. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ká jọ nínú bàtà.

Nígbà tí a pa ẹ́ńjìnì, mo bi í pé kí ló dé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

“Ẹ̀gbọ́n, orí títì ni mo ti ń balẹ̀ nígbà ogun. Òru ni. Wọ́n á tan iná, wọ́n á tún pa á. Etí títì nìkan ló dá mi lójú pé kò sí ihò bọ́ǹbù.”

Nígbà náà, èmi wà nínú kíláàsì ní Zaria, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà bàálù tó tẹ́jú sójú pátákó.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹta.

Mo lọ sọ́jà lọ wá ọ̀dà funfun. Láti ìgbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù yẹn, ti dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ọlọ́jà ń wo ojú mi kí wọ́n tó dá iye lé ọjà. Mo fi ọ̀dà wọn sílẹ̀, mo ra ẹfun. Ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ yangí bó ti wù kó rí.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kẹta.

A po ẹfun, a sì fi í fa ìlà fífẹ̀ méjì. Ọ̀kan wà ní ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà sí etí: ibẹ̀ ni kí awakọ̀ fojú sùn. Èkejì wà ní ẹgbẹ̀rún: kí táyà tó dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti kan ilẹ̀. Ìdámẹ́ta fún bíbà, ìdá méjì tó kù fún dídúró. Láti òkè, wọ́n mọ́ bí eyín.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹta.

Mo bá àwọn obìnrin lórí ọ̀nà náà. Etí ọ̀nà, lẹ́bàá gọ́tà, ni wọ́n ń sá pákí sí, èyí tí wọ́n ti bọ̀ tí wọ́n sì rẹ́ wẹ́wẹ́, tí àwọn Ígbò ń pè ní àbàchà. Láti ìgbà tí kátápílà ti tẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀: ó gbóná, ó tẹ́jú, ewúrẹ́ kò sì lè yọ́ dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rí i. Bí mo bá jẹ́ obìnrin Obosi, ibẹ̀ ni èmi náà ìbá sá tèmi sí.

Ìyá Bùnmi bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀gá wọn ni Nne Ifeatu, ìyá àgbà kan tó ń fi ojú kan ṣoṣo wo ènìyàn, tí yóò di èkejì pọ̀. Ó ní, “Oga Plane, ọ̀nà yìí gùn. Ìwọ fúnra rẹ lo fa ìlà sí ọ̀hún pé ọ̀hún ni kó bà. Etí tí bàálù kò fẹ́ yìí, kí ló kàn án nínú rẹ̀?”

Ìbéèrè gidi ni. Mo jókòó sórí odó kan tí wọ́n gbé wá, mo sì dá a lóhùn ní sùúrù. Mo ní nígbà tí ó bá ń da epo sínú ìgò, ṣé kì í gbé abọ́ sábẹ́ ìgò? Ó ní ó máa ń gbé e. Mo ní ṣé inú abọ́ ló fẹ́ kí epo lọ? Ó ní rárá o. Mo ní etí ọ̀nà yìí ni abọ́ mi. N kò fẹ́ kí bàálù bà síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ awakọ̀ bá gbọ̀n, ibẹ̀ ni yóò já sí.

Ó ṣí ojú rẹ̀ kejì. Ó bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Bùnmi, tó ń fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ní, “Bàbá Tóyìn, wọ́n ní kí ẹ wá awakọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.”

A fẹnu kò: ọjọ́ tí bàálù bá ń bọ̀, àsíá pupa yóò wà lókè, wọn yóò sì kó pákí wọn kúrò.

Ọjọ́rú, 2 oṣù Kẹrin.

Ẹ̀kọ́ gíláàsì. Mo ní kí Obiekwe má wo etí ọ̀nà mọ́, kí ó wo ìlà ẹfun àkọ́kọ́ láti inú gíláàsì iwájú. Bí ìlà náà bá ń gòkè lójú gíláàsì, a ti lọ sílẹ̀ jù, a ó já sílẹ̀ kí a tó dé ibẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sábẹ́ imú bàálù, a ti ga jù, a ó kọjá rẹ̀. Bí ó bá dúró síbì kan tí ó kàn ń tóbi sí i, ibẹ̀ gan-an ni à ń lọ. Nígbà tí a bá sì gbé imú sókè díẹ̀ kí a tó bà, táyà yóò kọjá ìlà náà díẹ̀ kó tó kan ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí.

Ní ìgbà kẹta, ó bà sáàárín ìlà méjèèjì bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. Ó wò mí. “Ẹ̀gbọ́n, bí ó ṣe rọrùn tó nìyí?”

Mo ní, “Ó rọrùn nígbà tí atẹ́gùn bá sùn.”

Ẹtì, 11 oṣù Kẹrin.

Atẹ́gùn jí. Ó ń ti ẹ̀yìn gbá wa. Ìlà àkọ́kọ́ kọjá lábẹ́ wa, a ṣì wà lókè. Ìlà kejì kọjá, a ṣì ń léfòó. Mo ń retí kó ti ẹ́ńjìnì síwájú, kí a tún gbéra, kí a yípo, kí a tún un ṣe. N kò sọ̀rọ̀, nítorí ìdánwò ni. Kò gbéra. Ó tẹ bàálù mọ́lẹ̀ tipátipá, ó fi bíréèkì fa ilẹ̀ ya, a sì dúró níbi tí mo ti ń rí omi inú kòtò.

Mo ní, “Kí ló dé tí o kò gbéra?”

“Mo dúró, àbí n kò dúró?”

“O dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti bà síbi tó burú ju èyí lọ.”

“Mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.”

Ó sọ̀ kalẹ̀, kò kí mi, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sójú títì.

Àìkú, 13 oṣù Kẹrin.

Mo rò ó títí. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ni kò dá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gọ̀. Kò tíì kọ ìbalẹ̀ kan sílẹ̀ láti ìgbà tí mo dé. Níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, wọn kì í tan iná lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ti parí nínú ọkàn rẹ̀: ilẹ̀ tàbí ikú. Ibi tí táyà yóò kàn, mo lè kọ́ ọ. Báwo ni mo ṣe máa kọ́ ènìyàn pé ìgbà kejì wà?

Mo pinnu. Bí n kò bá rí i kó fi ìbalẹ̀ burúkú kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé mo sọ fún un, n kò ní buwọ́ lùwé náà.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹrin.

Mo sọ ìpinnu mi fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ṣe é nítorí pé ẹ ní kí n ṣe é, ẹ ò ní gbà. Bí n kò bá sì ṣe é, ẹ ò ní gbà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú yìí!”

“Ìjẹ̀ṣà ni mí.”

“Ọ̀kan náà ni gbogbo yín.”

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹrin.

Akínbíyìí ránṣẹ́ pè mí. “Òjò ti ń kó jọ. Bí títì bá bàjẹ́, bàálù nìkan ló kù fún wa. Buwọ́ lùwé ọkùnrin yẹn, tàbí kí o jẹ́ kí n ké sí òyìnbó mi.” Mo ní kó fún mi láyè di òpin oṣù tó ń bọ̀, bí wọ́n ti kọ ọ́. Ó ní sùúrù mi yóò gbówó lé ilé iṣẹ́ lórí.

Agbọ̀n tòmátò ti gbówó lórí lọ́wọ́ Ìyá Bùnmi náà. Ó ti dín ẹran kù nínú ọbẹ̀, ó sì fi ata dí i.

Ọjọ́rú, 30 oṣù Kẹrin.

Òjò àkọ́rọ̀ gidi. Gbogbo ẹfun mi wọ́ lọ sínú gọ́tà. Mo dúró lábẹ́ àtíbàbà àwọn òṣìṣẹ́, mo ń wò ó bó ti ń ṣàn, funfun bí omi ògì.

Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Karùn-ún.

Mo tún un fà. Òjò tún fọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Karùn-ún.

Mo fẹ́ kọ èyí bó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, láìfi kún un.

N kò tíì buwọ́ lùwé Obiekwe, àmọ́ Akínbíyìí kò lè dúró mọ́: ó ní kó gbé òun lọ sí Enugu láàárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní àwọn ó dé. Èmi lọ sọ́jà lọ wá àpò ẹfun mìíràn. Oòrùn là lẹ́yìn òjò ọjọ́ púpọ̀, àwọn obìnrin sì sáré kó pákí wọn tó ti ń kan jáde. Kò sí àsíá lókè, wọn kò sì ṣẹ̀ sí àdéhùn wa. Ṣùgbọ́n Akínbíyìí rí ìkùukùu dúdú l'Énugu, ó sì ní kí wọ́n tètè máa bọ̀.

Lándírofà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yà kúrò lójú títì Awada nígbà tí mo gbọ́ ẹ́ńjìnì. Mo wòkè, mo rí bàálù tó ń bọ̀ wálẹ̀ tààrà, jẹ́jẹ́, bí mo ṣe kọ́ ọ. Àmọ́ ibi tó dojú kọ kò tọ̀nà. Mo wo ilẹ̀, ìgbà náà ni ó yé mi. Ìlà ẹfun kò sí mọ́. Àbàchà ni ohun funfun kan ṣoṣo lórí gbogbo yangí pupa yẹn, wọ́n tẹ́ ẹ gbọrọgbọrọ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, lẹ́bàá gọ́tà. Mo ti kọ́ ọ pé kó fojú sun funfun. Ó ń fojú sun funfun.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń sáré, mo ń ju aṣọ. Ẹni tó wà lókè kò lè rí mi. Àwọn obìnrin ti dìde, àwọn kan ń sá, Nne Ifeatu sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kó pákí sínú agbọ̀n.

Nígbà náà ni ohùn ẹ́ńjìnì yí padà. Ó bú. Imú bàálù gbé sókè, ó fò kọjá lórí wọn, atẹ́gùn rẹ̀ sì fọ́n àbàchà káàkiri bí ìyẹ́ adìyẹ. Ó gòkè, ó yípo sápá òsì, ó lọ títí lórí àwọn òrùlé Awada, ó sì tún bọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, kò sí àmì kankan tó lè tọ́ ọ. Ó bà síbi tí ìlà mi ìbá wà, ó sì dúró láìfi agídí tẹ bíréèkì.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ṣì jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan.

Ó ní, “Ó dúró dáadáa lójú gíláàsì, ẹ̀gbọ́n. Ó ń tóbi sí i bí ẹ ṣe wí. Mo ti fẹ́ bà. Ni mo bá rí i pé ó wé gèlè.” Ó mí kanlẹ̀. “Àmì kì í wé gèlè.”

“Kí lo rò nígbà tí o gbéra?”

“N kò rò nǹkan kan. Ó kàn dà bíi pé ẹnì kan sọ pé iná ṣì wà níbẹ̀, wọn ò ní pa á.”

Nne Ifeatu dé, àbàchà wà nínú irun rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó ń nàka sí mi, kì í ṣe sí i. Obiekwe ló túmọ̀ rẹ̀, tó ń gbé ẹ̀rín mì. “Ó ní ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ bàálù pé kó máa jẹ àbàchà?” Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà náà di ọwọ́ Obiekwe mú, ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan fún un. Ìyẹn ni kò túmọ̀ fún mi.

Ẹtì, 9 oṣù Karùn-ún.

Inú bí Akínbíyìí gidigidi. “Ọkùnrin yẹn kò lè balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan! Ikùn mi ṣì wà lókè níbẹ̀. Mo ti ké sí òyìnbó.”

Mo ní, “Ọ̀gá, ta ló wà lábẹ́ yín nígbà tó gbéra?”

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Mo di ojú mi.”

“Àwọn obìnrin méje.”

Mo wá ya ọ̀nà náà fún un sẹ́yìn káléńdà rẹ̀, gọ́tà, ìlà, kòtò. Mo ṣàlàyé pé ìbalẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kì í ṣe ìbalẹ̀ tó bàjẹ́, pé awakọ̀ tí kò lè fi í sílẹ̀ ni kí ó bẹ̀rù. Mo ní bí àṣìṣe bá wà, ti àmì mi ni: mo fi ohun tí òjò lè fọ̀, tó sì jọ oúnjẹ aráàlú, ṣe atọ́nà ẹ̀mí ènìyàn. Ó wo àwòrán náà pẹ́. Ó ní, “Ó dára. Kí òyìnbó máa jókòó l'Ékòó.”

Mo buwọ́ lùwé Obiekwe lórí tábìlì rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 17 oṣù Karùn-ún.

Àgbá ọ̀dà títì tó ti ṣófo ni mo fi rọ́pò ẹfun, mẹ́ta mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ojú àmì kọ̀ọ̀kan, lóde ọ̀nà níbi tí ìyẹ́ bàálù kò ti ní kàn wọ́n. Mo kùn wọ́n ní pupa àti funfun. Mo yangàn fún Ìyá Bùnmi pé kò sí oúnjẹ kankan ní Onitsha tó pupa tó tún funfun.

Ó ní, “Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata mi ńkọ́?”

Akínbíyìí ti ní kí kátápílà tẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà fún àwọn obìnrin. Nne Ifeatu fi àtẹ́lẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò gbóná tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ òun ó fara mọ́ ọn. Wọ́n sì ti gbé àsíá pupa fún òun alára pé kó máa fà á sókè nígbàkigbà tó bá gbọ́ ẹ́ńjìnì, bí wọ́n sọ fún un bí wọn kò sọ.

Lọ́la ni n ó kọjá afárá odò Ọya padà sílé. Obiekwe bẹ̀ mí pé kí n kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ṣókí, òun ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún awakọ̀ èyíkéyìí tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí n kọ ọ́ ní Yorùbá fún òun fúnra òun. Èyí ni mo kọ:

Fojú sun àgbá àkọ́kọ́, kí o sì rí i dájú pé àgbá ni. Bí ó bá ń gòkè lójú gíláàsì, fi agbára kún ẹ́ńjìnì; bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, dín in kù. Bí àgbá kejì bá bọ́ sẹ́yìn rẹ tí táyà kò tíì kan ilẹ̀, tàbí tí o bá rí ohunkóhun tí kò yé ọ lórí ọ̀nà, má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ti ẹ́ńjìnì síwájú pátápátá, gbéra, yípo, kí o sì tún bọ̀.